Ẹ̀rọ Ọsàn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa, wọ́n ní kí n wá dúró níwájú yín ní gbọ̀ngàn, kí n sọ bí mo ṣe ṣiṣẹ́ ayé mi. Mo ní mi ò lè ṣe é. Bí ojú mẹ́ta bá ti ń wò mí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ a máa há mi lọ́fun. Ṣùgbọ́n mo lè kọ̀wé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Nítorí náà, ẹ gba èyí, kí ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè láàárín yín kà á fún àwọn yòókù.

Ó lè máa pa àwọn kan lẹ́rìn-ín pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ń sọ pé òun ti fẹ̀yìn tì. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo wọnú iṣẹ́ náà, mo ṣe é fún ọdún mẹ́tàlá gbáko, mo sì ti fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá ní orúkọ mìíràn fún ìyẹn, ẹ fi pè é.

Ohun tó mú mi gbé kálàmù ni ọkùnrin kan tí wọ́n pè wá bá yín sọ̀rọ̀ lóṣù tó kọjá. Ó wọ kóòtù, ó tan àwòrán sára ògiri, ó ní fóònù nìkan ti tó ẹnikẹ́ni láti máa kó ọjà wọlé láti ìlú Ṣáínà. Ó ní, "Kí ẹ tó rà á, ẹ bi àwọn ọ̀rẹ́ yín bóyá wọ́n fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ti ní àwọn fẹ́ ẹ, ẹ máa rà á lọ." Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, èmi kò pàtẹ́wọ́. Ẹ bi àwọn ọ̀rẹ́ yín! Ọ̀rẹ́ wo, nílẹ̀ Ìlọrà àti Fìdítì yìí, ni yóò wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó ní, "Ohun tí o fẹ́ kó wá yìí kò dáa"? Wọn a ní ó dáa. Wọn a gbàdúrà sí i. Ìwọ náà a ṣe àmín, o ó sì kó ara rẹ sí wàhálà.

Iṣẹ́ tí mo ṣe kò ní orúkọ kan pàtó. Ọ̀gá mi, Ìyá Ṣọlá, tí àwa tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń pè ní Mọ̀mí, ní ìsọ̀ ní Ìlọrà. Láti Kútọnu ló ti máa ń kó ọjà wá nígbà náà: abọ́, fíláàsì, fìtílà, ìkòkò, àwọn nǹkan pẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ inú ilé. Ṣùgbọ́n kì í kó ohun tuntun wá lójijì. Ẹyọ kan tàbí méjì ni yóò kọ́kọ́ rà. Èmi ni yóò gbé e fún, kí n gbé e lọ sí ọjà Ìlọrà, ọjà Fìdítì, ọjà Awẹ́, kí n lọ wò ó bóyá àwọn èèyàn fẹ́ ẹ. Ohun tí mo bá mú bọ̀ ni yóò gbọ́ kó tó náwó lé e. Wọ́n ní igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èmi ni ojú tí Mọ̀mí fi ń wò ó láti òkèèrè.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Àgbẹ̀ ni bàbá mi ní Ìwàrè, agbára rẹ̀ kò ká girama fún gbogbo wa. Ìyá mi àti Mọ̀mí jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àdéhùn wọn ni pé n óò kọ́ òwò lọ́dọ̀ Mọ̀mí, yóò máa bọ́ mi, nígbà tó bá sì tó àkókò, yóò dá mi sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà tí n óò fi bẹ̀rẹ̀ tèmi, yóò sì gbàdúrà fún mi níwájú èèyàn. Ọjọ́ ìdásílẹ̀ yẹn ni mo ń wò ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ẹni tí a kò dá sílẹ̀ nídìí òwò, bí ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ orúkọ ara rẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn olówò náà ni.

Fíláàsì olódòdó kan ni ohun àkọ́kọ́ tó gbé fún mi. Mo gbé e lọ sí Awẹ́, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn aláta, mo gbé e lé itan. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi yí mi ká. "Ó mà wuyì o!" "Ọmọ dáadáa, Ọlọ́run á bù sí ọjà rẹ." "Bá mi gbé e pamọ́, mò ń padà bọ̀." Inú mi dùn. Mo sáré délé, mo bá Mọ̀mí níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Mọ̀mí, wọ́n fẹ́ ẹ! Gbogbo wọn ló ń yìn ín."

Kò gbójú sókè. "Ta ló bú u?"

"Kò sẹ́ni tó bú u mà."

"Kò sẹ́ni tó ní ó ti wọ́n jù?"

"Rárá mà."

"Kò sẹ́ni tó ní ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́? Kò sẹ́ni tó mì í wò, kó ní ṣé eléyìí ni yóò gbé omi gbígbóná di ọ̀la?"

"Rárá mà. Wọ́n kàn ń súre ni."

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ nìyẹn. Padà lọ."

"Lónìí náà mà?"

"Ṣé ọjà ti tú ni?"

Mo padà lọ. Mo sunkún dé ìdajì ọ̀nà. Nígbà tí mo tún dé, tí mo ní síbẹ̀ wọ́n ṣì ń súre, ó gba fíláàsì náà lọ́wọ́ mi, ó sì ń fi í po ògì mu láàárọ̀ títí ó fi bàjẹ́. Kò kó irú rẹ̀ wá. Ní ọjọ́ kejì ló là mí lọ́yẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó fẹ́ ra ẹran, á ní egungun rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni tí kò fẹ́ rà á, á kí alápatà kú iṣẹ́, á bá tirẹ̀ lọ. Èébú ni oníbàárà fi ń kọ́kọ́ ná ọjà. Má tún wá fi àdúrà ọlọ́jà yọ̀ níwájú mi mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó ọjà wọlé, ó yẹ kí ẹ kọ ìyẹn sára ògiri yín.

Ó le, Mọ̀mí yẹn. Bí mo bá gbé ọjà dání tí mo rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò gbá mi lórí. "Ṣé ọjà lò ń tà ni, àbí eyín rẹ?" N kò gbọ́dọ̀ yin ọjà. N kò gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ni ín. N kò gbọ́dọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹbí mi, n kò sì gbọ́dọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ ìjọ wa rárá. Ó ní ojú wa ni ọmọ ìjọ ń wò, kì í ṣe ọjà; a kì í sì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, yóò tún rán mi padà síbi tí mo ti gbé e lọ, lọ́wọ́ òfìfo. N óò kàn máa rìn kiri. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí pé, "Ọmọ yìí, nǹkan ọjọ́sí dà?" oníbàárà nìyẹn. Bí wọ́n bá kí mi kú ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n sì bá iṣẹ́ wọn lọ, ó ti parí.

Iṣẹ́ náà bá mi lára mu ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Ojú a máa tì mí, mo lè jókòó láti òwúrọ̀ kí n má sọ gbólóhùn mẹ́wàá. Àwọn èèyàn a gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Wọn a máa sọ òótọ́ sí ara wọn létí mi.

Fìtílà tó ń gba iná lára oòrùn ni mo fi di ẹni tí Mọ̀mí ń gbọ́ tirẹ̀. Mo gbé ẹyọ kan lọ sí ọjà Ìlọrà. Obìnrin kan tó ń ta tòmátì wò ó títí, ó yọ ṣùtì.

"Kí lèyí? Ṣé òun ni yóò tàn, àbí ojú ológbò?"

Mo ní, "Ẹ fi ọwọ́ bò ó mà, ẹ ó rí i."

Ó fi ọwọ́ bò ó. "Ó dà bí ike ìpara. Èló ni?" Mo sọ iye tó jẹ́. "Ha! Olè! Olè ni ẹni tó rán ọ wá!" Ó lọ. Kò pẹ́ tó tún dé. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ báyìí, bí òjò bá wọ̀ ọ́ ńkọ́?" Ó tún lọ. Nígbà tó máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ wá, àwọn méjèèjì sì jọ ń bú u. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àwọn ará Ìlọrà yìí mà fẹ́ jẹ wá run o. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n máa ta oòrùn fún wa!"

Mo sáré délé. "Mọ̀mí, wọ́n bú u títí! Wọ́n pè yín lólè!"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rín rẹ̀ dé eyín nìyẹn. "Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta mà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà bá a bú yín."

"Àbẹ̀ní," ó pè mí ní oríkì dípò Dọ́kásì, "ó ti tà nìyẹn."

Ó kó o wá, kò sì kárí. Obìnrin onítòmátì yẹn nìkan ra márùn-ún, ó sì ń bú wa bó ṣe ń rà á.

Báyìí la ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nǹkan ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà Kútọnu di wàhálà, Mọ̀mí ò lọ mọ́. Fóònù dé. Ó wá di pé àwòrán là ń wò, a ó ránṣẹ́ sí aṣojú kan ní Èkó, òun ni yóò bá wa rà á ní Ṣáínà, ọkọ̀ ojú omi a sì gbé e wá. Àwọn ará ọ̀hún kì í ta ẹyọ kan tàbí méjì, páálí ni wọ́n ń tà. Àwa a máa bẹ̀bẹ̀ fún ẹyọ kan ṣáájú kí n lè gbé e lọ sọ́jà. Lẹ́yìn ìyẹn, Mọ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán ọjà sórí fóònù. Àwọn èèyàn a fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́, wọn a fi òdòdó ránṣẹ́, wọn a kọ "Mọ̀mí wa, ẹ kú oríire." Mo máa ń sọ fún un pé àtàǹpàkò kì í ra ọjà. Yóò ní, "Mo mọ̀." Ṣùgbọ́n mo ń rí i tó ń kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ibẹ̀ ni Bùọ̀dá Kúnlé ti bá wa. Àbúrò Mọ̀mí ni, Èkó ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ kan wá nínú àpò rẹ̀. A ó gún ọsàn mọ́ ẹnu rẹ̀, a ó máa yí ọwọ́ rẹ̀, ọ̀bẹ kékeré kan a sì bó o láti orí dé ìdí. Ó ní, "Fìdítì! Ìlú ọsàn! Àwọn obìnrin tó ń fi abẹ bó ọsàn létí títì látàárọ̀ dalẹ́, ta ni nínú wọn tí kò ní rà á?" Mọ̀mí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ náà fún mi, ó ní kí n lọ wò ó.

Mo lọ sí etí títì ní Fìdítì, níbi tí àwọn obìnrin olọ́sàn ti ń jókòó tí bọ́ọ̀sì ń dúró. Ìyá Rúùtù ni àgbà wọn. Ó ti ń bó ọsàn níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Mo gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, mo ní kí wọ́n yí i wò. Wọ́n yí i. Wọ́n pariwo.

"Òyìnbó mà gbọ́n o!"

"Ọmọ yìí, Ọlọ́run á jẹ́ kó tà fún yín!"

"Bá wa kí ọ̀gá rẹ o!"

Mo jókòó títí oòrùn fi yí. Kò sẹ́ni tó béèrè iye rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yọ ṣùtì sí i. Ìyá Rúùtù mú ọ̀kan nínú ọsàn tí ẹ̀rọ bó, ó gé e lórí, ó fún un. Ọsàn náà ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi rẹ̀ ṣàn dé ìgúnpá rẹ̀. Ó fi ìró nu ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi," ó sì gbé abẹ rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti mu ọsàn nínú mọ́tò rí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Abẹ àwọn ìyá wọ̀nyí kì í bó ju èèpo òkè ara ọsàn lọ. Funfun abẹ́ rẹ̀ ni a máa ń fi sílẹ̀, òun ló ń di ọsàn mú bí a bá ń fún un sẹ́nu, òun náà ni kì í jẹ́ kó gbẹ lórí àtẹ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ń ha funfun náà dànù. Ẹni tó ṣe é kò tíì rí ibi tí èèyàn ti ń mu ọsàn bí a ti ń mu ún. Ó ṣe é fún àwọn tó ń gé ọsàn sínú àwo.

Mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì lọ́wọ́ òfìfo. Wọ́n kí mi kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n fún mi ní ọsàn mu.

Kí n tó jábọ̀ fún Mọ̀mí, Bùọ̀dá Kúnlé ti gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ó dúró níwájú, ó bó ọsàn mẹ́fà bí ẹní ń pidán. Àwọn ọmọdé ń fò. Ó fi bébà kan ránṣẹ́ láti àga dé àga, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ ló kọ́kọ́ kọ. Bébà náà kún níwájú, ó kún lẹ́yìn.

Ní ìrọ̀lẹ́, Mọ̀mí pè mí sí pálọ̀. Bùọ̀dá Kúnlé wà níbẹ̀, bébà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dọ́kásì, báwo ni Fìdítì?"

Mo ní, "Mọ̀mí, kò sẹ́ni tó bú u."

Mo rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: mo rí ojú rẹ̀. Ohun tí mo sọ yé e. Òun ló kọ́ mi. Ṣùgbọ́n Bùọ̀dá Kúnlé ti pàtẹ́wọ́.

"Ẹ ò gbọ́! Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́! Kò sẹ́ni tó bú u! Kí lẹ tún ń wá?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó béèrè iye rẹ̀ mà. Ó ń ya ọsàn mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó o wá."

Bùọ̀dá Kúnlé wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwé mélòó lo kà?"

Mo wolẹ̀.

"Mo ní ìwé mélòó?"

"Mẹ́fà sà."

"Ìwé mẹ́fà! Oníwèé mẹ́fà ń kọ́ wa lówò!"

Mọ̀mí ń wo bébà náà. Ó ní, "Dọ́kásì, àwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ wọn."

"Ọmọ ìjọ wa ni wọ́n mà. Ẹ̀yin lẹ ní..."

"Lọ gbé omi kaná."

Mo lọ gbé omi kaná.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọjà ìdásílẹ̀ mi ló yẹ kó wà nínú ẹrù tí a fẹ́ kó wá nígbà yẹn. Fìtílà ni. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí ọjà Ìwàrè, ibẹ̀ ni wọ́n ti bú mi débi pé bàbá àgbà kan ní kí n gbé ike mi kúrò lójú òun, tó tún wá mi dé ilé bàbá mi ní ọjọ́ kejì. Mọ̀mí yọ fìtílà mi kúrò kó lè fi ẹ̀rọ ọsàn kún àyè rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ yóò tètè tà, fìtílà mi á tẹ̀ lé e.

Ẹrù dé. Páálí kún pálọ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ la fi ń rìn. Wọ́n gbé bébà orúkọ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa pín ẹ̀rọ kiri ilé. Ẹ̀yin tí òbí yín kọ orúkọ, ẹ má bínú sí mi, ohun tí wọ́n sọ ni mò ń kọ yìí.

Ìyá kan ní, "Háà, Dọ́kásì! Mo kọ ọ́ láti fi bá Mọ̀mí yọ̀ ni."

Bàbá kan ní, "Ọmọ mi, n kò ní igi ọsàn kan. Mo rí i tí bébà ń bọ̀, mo rò pé wọ́n fẹ́ fi orúkọ wa gbàdúrà ni."

Òmíràn ní, "Àwa mẹ́rin la kọ ọ́ nílé yìí, kí a má bàa já Mọ̀mí kulẹ̀." Mo ní ṣé kí n fi mẹ́rin sílẹ̀? Ó ní, "Rárá o. Ṣebí a ti kọ ọ́."

Àwọn mẹ́ta ló rà á. Méjì dá a padà.

Mo tọ Ìyá Rúùtù lọ ní Fìdítì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo gbóhùn sókè sí àgbà nìyẹn. Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi pé kò dáa?"

Abẹ rẹ̀ kò dúró. Ó ní, "Ọmọ tí ojú ń tì bíi tìrẹ, kí n wá bú ẹrù rẹ̀ fún un? Kí lo ṣe fún mi? Bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ ẹ ni, ò bá ti gbọ́ èébú tí o ó fi sunkún délé."

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Àárín páálí ni wọ́n jókòó sí: ẹ̀gbọ́n Mọ̀mí ọkùnrin tó jẹ́ olórí ẹbí, àgbà ìjọ méjì, Mọ̀mí, Bùọ̀dá Kúnlé. Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá mi láti Ìwàrè. Oko ló ti wá, ẹrẹ̀ ṣì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Olórí ẹbí béèrè bí nǹkan ṣe rí bẹ́ẹ̀. Bùọ̀dá Kúnlé dìde.

"Ọmọ yìí la rán lọ yẹ ọjà wò. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ọdún pípẹ́ wá. Ó padà dé, ó ní kò sẹ́ni tó bú u. Ẹ bi í, bí ó bá lè sẹ́."

Olórí ẹbí yíjú sí mi. "Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni ǹ bá tún sọ? Ojú mẹ́fà ń wò mí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá mi kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí nídìí iṣẹ́ wa. Ohun tó gbọ́ ni pé ọmọ òun tan ọ̀gá rẹ̀ jẹ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín páálí wọ̀nyẹn, ó ní, "Ẹ forí jì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Mo wo Mọ̀mí. Gbólóhùn kan ni mo ń retí: "Ó sọ fún mi." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀. Ẹní ilẹ̀ ló ń wò. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èké ni wọ́n ń fi owó ọwọ́ rà. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó pè mí, ó ní òun fẹ́ dá mi sílẹ̀. Mo wọṣọ. Mo kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ han páálí ẹ̀rọ ọsàn tó wà ní igun pálọ̀, ogún páálí, ó ní, "Kó ìwọ̀nyí fi bẹ̀rẹ̀, kí n gbàdúrà fún ọ."

Ọdún mẹ́tàlá. Ohun tí mo sọ fún un pé kó má kó wá ni ó fẹ́ fi dá mi sílẹ̀.

Mo dìde. Mo ní, "Mi ò gbà á mà." Ohùn mi kò ju ohùn ẹ̀fọn lọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Mo jáde láìgba àdúrà. Bàbá mi bínú sí mi fún ìgbà pípẹ́, nítorí ọmọ iṣẹ́ tí a kò dá sílẹ̀, kò sí aṣojú tàbí olówò tí yóò fẹ́ fọkàn tán an. Òwò tí mo mọ̀ ju ohunkóhun lọ, mi ò lè ṣe é. Fìdítì ni mo wà báyìí, mò ń ṣa ọsàn fún àwọn tó ń kó o lọ sí Ìbàdàn.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kó ọjà wọlé, ẹ má bi ọ̀rẹ́ yín. Ẹ gbé ẹyọ kan lọ bá ẹni tí kò mọ̀ yín, ẹni tí kò ní ìdí kankan láti ṣàánú yín. Ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó bú u. Bí kò bá bú u, ẹ gbé e padà wálé. Bí ẹ bá sì rán ọmọ ẹlòmíràn lọ wò ó fún yín, ẹ gbọ́ ohun tó bá sọ. Bí ẹ kò bá gbọ́, ó kéré tán, ẹ má ṣe di adití níwájú bàbá rẹ̀.

Mọ̀mí wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Ó jókòó sórí àpótí ọsàn. Bùọ̀dá Kúnlé ti padà sí Èkó. Ó ní òun ń wo fáànù kan tó ń gba iná pamọ́, òun fẹ́ kí n bá òun gbé ẹyọ kan lọ sọ́jà.

"Kò sẹ́ni tó mọ ọjà í wò bíi tìrẹ, Àbẹ̀ní. Mo ti rán àwọn mìíràn. Ẹnu wọn ti pọ̀ jù."

Mo ń ṣa ọsàn. Mo ní, "Ẹ pe àwọn tó wà ní pálọ̀ ọjọ́ yẹn mà. Ẹ pe bàbá mi náà. Kí ẹ sọ fún wọn pé mo sọ fún yín."

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn."

"Kò tíì pẹ́ mà."

Ó wá na ọwọ́ sí orí mi. "Kúnlẹ̀, kí n dá ọ sílẹ̀ báyìí. Kí n gbàdúrà fún ọ. Ṣebí ohun tó ń dùn ọ́ nìyẹn."

Mo gbé orí mi kúrò. Mo ní, "Àwa méjì nìkan ló wà níbí mà. Àdúrà ibí yìí kò lè gbé bàbá mi dìde níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí."

Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sọdá títì, ó wọ mọ́tò. Láti Ìlọrà dé Fìdítì, wíwọ̀ kan ni, kò sí sísọ̀ lọ́nà. Ó mọ ibi tí mo wà, ó sì mọ àwọn tó yẹ kó kó wá.